Awò Kì í Ṣe Ojú Ìyá Ìyàwó

Mo pé ọdún 20 lẹ́nu iṣẹ́ góòlù àti òkúta lóṣù tó kọjá. Mi ò ṣe ayẹyẹ kankan, mi ò sì ní in lọ́kàn láti sọ nǹkan kan, àfi ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ mi kan lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gbé òrùka dáyámọ́ńdì sábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí Ọjà Ọba l'Adó, ó sọ fún oníbàárà kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, SI1 ni. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fojú lásán rí nǹkan kan nínú ẹ̀." SI1 ni ipele mímọ́ òkúta tó ní àbàwọ́n kékeré nínú, èyí tí awò ń fi hàn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka Bíbélì. Àyà mi já. Gbólóhùn yẹn gan-an ló jáde lẹ́nu èmi náà lọ́dún 2009.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé awò sójú, ẹ fara balẹ̀. Mi ò ní máa kọ́ yín pé kárátì kan jẹ́ gíráàmù 0.2, tàbí pé ipele 11 ni GIA, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń yẹ òkúta wò, pín mímọ́ dáyámọ́ńdì sí, láti FL tí kò ní àbàwọ́n rárá dé I3 tí àbàwọ́n rẹ̀ hàn jù. Ẹ ti há ìyẹn sórí.

Àkọ́kọ́, awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 ni wọ́n fi ń fún òkúta ní ipele, kì í ṣe ojú lásán. SI1 méjì lè jọ wà nínú àwo kan náà, kí ọ̀kan mọ́ bí omi ìsun, kí èkejì máa wò ọ́ bí ẹni tí eruku kó sí lójú.

Ìkejì, ẹ wo ibi tí àbàwọ́n jókòó sí. Èyí tó funfun létí òkúta, irin tó di òkúta mú lè bò ó. Èyí tó dúdú láàárín ojú òkúta kò rí ibi sá sí. Èyí tó sì wọlé lọ sísàlẹ̀, ara òkúta lè máa dá àwòrán rẹ̀ padà bíi dígí, ẹyọ kan á wá dà bíi mẹ́rin.

Ìkẹta... ẹ jẹ́ n kúkú sọ ìtàn náà.

Tíṣà kan láti Ìyìn ló wá lọ́dún 2009 yẹn. Ó ti tọ́jú owó fún ìgbà pípẹ́, emerald cut ló sì fẹ́, ìyẹn òkúta onígun mẹ́rin tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àtẹ̀gùn, torí òun ni ọmọbìnrin náà rí lórí fóònù. Ọ̀gá mi wà l'Ékòó, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Òkúta náà ní ìwé tirẹ̀: SI1. Mo ti ta SI1 mẹ́ta lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan nínú wọn. Ohun tí mo gbàgbé ni pé róńdù, ìyẹn òkúta roboto, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Róńdù ní ojú wẹ́wẹ́ 57 tàbí 58, ó ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Ó dà bí Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà, olè lè sá wọ àárín èrò. Emerald cut ní tirẹ̀ dà bí pálọ̀ tí wọ́n ti kó àga kúrò nínú rẹ̀.

Mo fi awò wò ó, mo rí i: ẹyọ dúdú kan láàárín gbùngbùn, kò tó hóró ata tí wọ́n lọ̀. Mo sọ fún ara mi pé SI1 ni, ojú ò lè rí i. Abẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, òkúta náà ń kọ mànà bíi mọ̀nàmọ́ná. Tíṣà sanwó.

Ó pè mí síbi ìdána. Ìgbà ọyẹ́ ni, ojú ọ̀run funfun, abẹ́ kánópì la wà, iyán wà níwájú mi. Wọ́n ń gbé ọwọ́ ìyàwó kiri kí àwọn ìyá wò ó. Ó kan ìyá tó bí i, aránṣọ ni. Ó wo òrùka, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Ó tún wò ó. Ó fi itọ́ díẹ̀ sí etí ìró, ó tún nù ún. "Ìdọ̀tí yìí ò mà lọ o." Nígbà tó nù ún lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo àwọn ìyá tó yí i ká ti dákẹ́. Tíṣà yíjú wá ibi tí mo jókòó sí. Òkèlè wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè dá a padà sínú àwo.

Ọ̀gá mi dá owó padà fún un, ó sì ń yọ ìdajì owó oṣù mi fún oṣù 8. Ó pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú oníbàárà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ gbólóhùn "ojú ò lè rí i" yẹn o! Mo ti dárí jì í ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́pọ̀ ìgbà. Tí mo bá délé, ó tún ń dùn mí.

Ẹ gbé òrùka kúrò lábẹ́ iná. Ẹ nù ún, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí òòrùn ò ti ta sí i, ẹ na ọwọ́ jáde bí ẹni tó fẹ́ fi han ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ nàka sí àbàwọ́n náà. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa ti oníbàárà sídìí VVS, ipele tó mọ́ ju SI lọ tó sì ń gbówó lórí. SI2, ipele tó wà lábẹ́ SI1, tó jẹ́ róńdù tójú ò rí nǹkan kan lára rẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kó fi owó tó kù ra ìrẹsì ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo dìde, mo mú oníbàárà náà jáde sí ìta. Emerald cut ni. Ó wò ó, ó fi etí bùbá rẹ̀ nù ún, ó tún wò ó. Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ó na ọwọ́ jáde, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Èló lẹ máa wá yọ níbẹ̀?"