Òkúta inú ikùn Màmá

Ọjọ́rú. Ẹsẹ̀ ń ro mí gan-an, àmọ́ mi ò fẹ́ sùn láìkọ ti òní sílẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ orúkọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì síta pé ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ló kàn wá ni ìmọ̀ràn ò ti dákẹ́ mọ́ ní họ́sítẹ̀lì. Ẹ má sọ orúkọ yín fún wọn o. Ẹ má gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má kẹ̀yìn sí wọn. Ìyá mi ní kí n máa ka Sáàmù 91 kí n tó wọ wọ́ọ̀dù. Ọmọ kíláàsì wa kan pariwo pé, "Yábà Left ti gbà wá o!" gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ìlú tí a wà jìn sí Yábà. Òun kan náà ló ń bá wa jiyàn pé wèrè tó bá ti wọ ọjà, kò sóògùn rẹ̀ mọ́. Máàkì tiẹ̀ wà lára èyí tó ga jù nínú ìdánwò ìtọ́jú àrùn ọpọlọ o. Ó mọ orúkọ oògùn gbogbo, ìtàn ọjà ló ṣì gbà gbọ́.

Ìbẹ̀rù yẹn kì í pẹ́ lọ. Bí èèyàn bá ti bá wọn ta ayò, tí wọ́n ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ara á balẹ̀. Èyí tí kì í tètè lọ ni pé a kì í gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Màmá kan wà ní wọ́ọ̀dù obìnrin, yóò tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Láàárọ̀ yìí ó di ikùn mú, ó ní wọ́n ti kó òkúta sí òun nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò wojú mi, ó ṣẹ́jú, ó kọ "dẹlúṣọ̀n", ìyẹn ìgbàgbọ́ èké tí àrùn ọpọlọ ń fà, sínú ìwé, ó fàlà sí i nídìí, ó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Mátíróònù tó ń yí wọ́ọ̀dù ká ló ka ìwé náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ìgbà wo lẹ ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ́yìn?"

Màmá ronú díẹ̀. "Láti Sátidé ni."

Mátíróònù gbọ́wọ́ lé ikùn wọn, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wá sápá òsì nísàlẹ̀, ó ní kí èmi náà fọwọ́ bà á. Ó le gbandi. Òkúta ni Màmá pè é. Ohun tí ọwọ́ mi bà náà nìyẹn.

Ó yẹ ká mọ̀. Wọ́n kọ́ wa pé Largactil, oògùn àrùn ọpọlọ, àti Artane tí Màmá ń lò máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ gan. Artane ọ̀hún kò tiẹ̀ wo àrùn ọpọlọ fúnra rẹ̀: ohun tí àwọn oògùn yòókù bá fi ṣe ara ni wọ́n ń fi í tún ṣe, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, iṣan tó le, itọ́ tó ń dà lẹ́nu. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gan-an làwọn èèyàn máa ń nàka sí lójú títì, "Ẹ wo bó ṣe ń rìn, wèrè ni." Ìrìn oògùn ni wọ́n ń wò o! Ó sì dùn mí pé àwa tí a ń fọwọ́ ara wa pín oògùn náà ń sọ ọ́ bákan náà. Ká ní alátọ̀gbẹ ló di ikùn mú ní wọ́ọ̀dù tí a ti kúrò lóṣù tó kọjá, ìbéèrè tí a máa bi í kò ní lóǹkà.

Wọ́n fún Màmá ní oògùn tí wọ́n ń fi sí ìdí. Kò pẹ́, wọ́n ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, ojú wọn ti wálẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ẹ̀bà. Wọ́n ṣì ń sọ pé aládùúgbò wọn ló kó òkúta náà síbẹ̀. Ìyẹn náà wà níbẹ̀, mi ò lè fi pamọ́. Orí lè máa sọ tirẹ̀, kí ikùn náà máa sọ òótọ́.

Lọ́sàn-án, Mátíróònù bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró ní 1954. Ilé ìwòsàn ò tí ì parí, ló bá ń fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ẹbí kan á tẹ̀lé aláìsàn wá, wọ́n á máa gbàtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sílé lálẹ́. Èyí ló gbé orúkọ Àró dé òkè òkun. Mo wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yíká. Àgbẹ̀ tí kò wọ kíláàsì kankan ń bá wọn sùn lábẹ́ òrùlé kan náà, àwa tí a fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ò fẹ́ gba ọsàn lọ́wọ́ wọn. Òfin ìlera ọpọlọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní January 2023 lòdì sí ṣíṣe ẹ̀tanú sí wọn nítorí àìsàn wọn. Wọ́n á bi wá ní ìdánwò, a ó sì gbà á.

Láti ọ̀la, Mátíróònù ní èmi ni kí n máa béèrè ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọ́ọ̀dù láràárọ̀, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti fún mi lórúkọ ní họ́sítẹ̀lì báyìí: Sístà Ìgbẹ́.