Ẹ̀yin tá a jọ ń lọ síbi ìgbéyàwó àwọn Júù

Ẹ̀yin ará Kétu tá a jọ ń lọ sí Paris fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ àbúrò mi, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n mú, nítorí àwọn Júù kì í ṣègbéyàwó láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìsinmi wọn nìyẹn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ dé fìlà yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé oúnjẹ kankan dání: wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í sì í jẹ ẹran pọ̀ mọ́ wàrà.

Abẹ́ aṣọ tí wọ́n ta sórí òpó mẹ́rin ni tọkọtìyàwó máa dúró sí. Ọkọ á fi òrùka tí kò ní òkúta sí ìka tí ìyàwó fi ń júwe nǹkan lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á ka ìwé àdéhùn wọn sókè, wọ́n á sì súre méje fún wọn. Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni pé ọkọ á fi ẹsẹ̀ tẹ ife fọ́ yángá, kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù tí àwọn ará Róòmù wó ní ọdún 70. Nínú ayọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì rántí! Bí ife bá ti fọ́, ẹ bá wọn ké "Mazal tov", ìyẹn "ẹ kú oríire". Lẹ́yìn náà, ijó ni. Wọ́n á gbé tọkọtìyàwó sókè lórí àga. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ bá wọn gbé e.