Àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Ṣábẹ̀ẹ́

Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ lọ́nà oko ní Ṣábẹ̀ẹ́, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí: ṣé ká tún gbin àgbàdo ni, àbí ká fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀wà? Àwọn ará Kétu mọ̀ pé àkọ́rọ̀ tiwọn á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò á sì dé ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ará Kandi lókè lọ́hùn-ún, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, oṣù kẹjọ gan-an ló sì ń rọ̀ jù fún wọn. Àwa wà láàárín. Lọ́dún mìíràn oṣù kẹjọ á gbẹ bíi ti Àjàṣẹ́. Lọ́dún mìíràn òjò ò ní í dá rárá.

Atẹ́gùn méjì ló ń pín ojú ọjọ́ wa: èyí tó ru omi bọ̀ láti òkun, àti ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà wá. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé ń tẹ̀lé oòrùn. Á máa gòkè lọ síhà àríwá títí di oṣù kẹjọ, á sì tún padà sísàlẹ̀, òjò á sì máa wà lẹ́yìn rẹ̀ níhà gúúsù. Bó bá jìnnà sókè tán, etíkun á gbẹ díẹ̀, pàápàá torí pé omi òkun fúnra rẹ̀ máa ń tutù lásìkò yẹn, kì í sì í fún atẹ́gùn ní ọ̀rinrin tó. Ibi tí ọ̀dá kékeré yìí máa wọ inú ilẹ̀ dé ni kì í dọ́gba lọ́dọọdún. Etí rẹ̀ ló ń kàn wá.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òjò Kútọnu lórí rédíò, tó sì torí rẹ̀ gbé irúgbìn lọ sóko. Ṣábẹ̀ẹ́ ní ibùdó ìwọ̀n ojú ọjọ́ tirẹ̀, ọ̀kan lára mẹ́fà tó ṣe pàtàkì jù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú Kútọnu, Bohicon, Parakou, Natitingou àti Kandi. Iye tiwa ni kẹ́ ẹ máa bèèrè. Àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tí àwọn onímọ̀ ń gbé jáde pẹ̀lú AGRHYMET, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà ní Niamey, wúlò gan-an: ó ń sọ bóyá òjò á pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí á dín, tàbí á bá a mu. Ṣùgbọ́n agbègbè ńlá ló ń sọ, kì í ṣe oko ẹnìkan. Òjò lè rọ̀ ní Kaboua nítòsí wa níbí kó má kan ìgboro Ṣábẹ̀ẹ́.

Nítorí náà ni mo fi ń wọn tèmi. Agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba ni mo kàn mọ́ òpó, ó jìnnà sí igi kajú kí ewé má baà gba omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní aago méje àárọ̀ mo ń ti rúlà bọ̀ ọ́, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ń da omi nù. Mìlímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí mítà kan níbùú lóròó. Mìlímítà 20 lórí hẹ́kítà kan jẹ́ lítà 200,000. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi ọkọ́ walẹ̀ wò. Bí iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ bá dì nígbà tí mo fún un lọ́wọ́, omi ti wọlé.

Àgbàdo ọlọ́jọ́ 90 máa ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ àti irun ní nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 55. Àkókò yẹn gan-an ni òùngbẹ ń bà á jẹ́ jù. Bí òjò bá sá, ṣùkù lásán la máa ká. Òjò wa sì máa ń tán lọ lápá ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ ṣírò rẹ̀. Èyí tí a gbìn ní ìdajì oṣù kẹjọ á yọ irun ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, omi ṣì wà. Èyí tí a gbìn ní ìdajì oṣù kẹsàn-án, oṣù kọkànlá ni irun rẹ̀ máa bá pàdé, ọyẹ́ ti ń bọ̀. Ìyá mi ò wọn òjò rí láyé wọn, ṣùgbọ́n bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn, torí ẹ̀wà tó yá á ti gbó láàárín ọjọ́ 65 sí 70.

Tèmi ni pé bí ilẹ̀ bá tutù dáadáa ní ìdajì oṣù kẹjọ, ká gbin àgbàdo sí ibi tó ń di omi mú, lápá àkùrọ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko lọ́nà odò Ọ̀pàrà tàbí ní Kaboua, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kan agolo tiyín mọ́ òpó, kẹ́ ẹ máa kọ iye rẹ̀ títí oṣù kẹwàá á fi parí, ká lè tò ó mọ́ ti ibùdó.