Ilé títà pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ẹ fara balẹ̀

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé tó ti parí ní agbègbè Under G, àfi kó máa bẹ onílé. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà níbẹ̀, ń wá yàrá, owó ilé ń wọlé lọ́dọọdún, ta ló fẹ́ tà? Ní báyìí, láti Under G títí dé Stadium, ara fẹ́ǹsì lẹ ó ti máa ka "ilé yìí wà fún títà". Àwọn kan ń wá owó tí wọ́n máa fi lọ sókè òkun, àwọn mìíràn jogún ilé, wọn ò sì gbé ìlú mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ilé ti já nìyẹn. Kò já. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta símẹ́ǹtì, ta ló máa ta ilé rẹ̀ lọ́pọ̀? Àyè ló dé fún ẹni tó ń rà.

Ajẹ́ńtì kan mú mi lọ wo ilé oníyàrá mẹ́rin lẹ́yìn Stadium nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ilé náà dùn ún wò. "Mọ́mì, ẹ tètè sanwó o, ẹnìkan ń bọ̀ láti Ìlọrin lọ́la." Mo ní kó bá mi kí ará Ìlọrin. Ìgbà tí òjò dé, mo padà lọ lọ́jọ́ kejì tó rọ̀ dáadáa. Ilé ṣì wà ńlẹ̀, ará Ìlọrin ò dé. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi kun ìsàlẹ̀ ògiri yàrá ẹ̀yìn ti ń bó, ó hu funfun bí iyọ̀, sọ́kàwè sì kún dé ẹnu. Onílé fúnra rẹ̀ ló ní òun máa dín owó kù. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wo kànga, ìgbà òjò ni kẹ́ ẹ wo ògiri. Ẹni tí wọ́n ń lé sáré ò lè wo méjèèjì.

Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́tò orí WhatsApp tàn yín. Ilé onígéètì aláwọ̀ ewé kan ní Arójẹ, ajẹ́ńtì mẹ́ta ló fi ránṣẹ́ sí mi, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé kan náà ni o! Ẹ tún yọ ilé ẹbí kúrò, èyí tí ọmọ kan ń tà tí àwọn tó kù ò gbọ́. Bí ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹ̀ka ìdílé mọ̀, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Èyí tó ní C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, pàápàá, Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ní àfi kí gómìnà fọwọ́ sí títà rẹ̀. Èyí tó kù lẹ́yìn náà ni ilé títà.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston, ní Texas l'Amẹ́ríkà, ní tiwọn yàtọ̀. Ní 2021, èlé ẹ̀yáwó ilé wọn wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2023, ó ti kọjá méje. Àwọn onílé ò fẹ́ fi ẹ̀yáwó pọ́ọ́kú sílẹ̀, ni wọ́n bá jókòó sínú ilé wọn, wọn ò tà á. Ìgbà tí ilé wá pọ̀ ní Texas, àwọn tó ń kọ́ ilé tà ń bá oníbàárà gbé lára èlé. Níbí, owó ọwọ́ la fi ń rà, ta ló máa bá wa gbé èlé?

Onílé ẹ̀yìn Stadium ti ń tún sọ́kàwè ṣe. Mo ní kó kó àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wá buwọ́ lu àgírímẹ́ǹtì níwájú lọ́yà. Ó ní ó di ọjọ́ Àìkú. Bí wọn ò bá wá, ilé kan wà ní Màsífà tí mo fẹ́ lọ wò.