Ẹyẹ kékeré, jíìpù ńlá, àti yanrìn Hatteras

Taya ẹ̀yìn méjèèjì ti rì dé ìdajì kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbà pé a ti há. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ jọ̀ọ́, kòtò lẹ̀ ń gbẹ́ yẹn," wọ́n ní kí n dákẹ́, ṣé mo mọ iye ìgbà táwọn ti wa mọ́tò gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nígbà tó jẹ́ pé kòtò ló pọ̀ ju ọ̀dà lọ, kí ni yanrìn lásán fẹ́ fi àwọn ṣe. Yanrìn lásán fi wá ṣe wákàtí kan àtààbọ̀ nínú oòrùn July.

Cape Hatteras lèyí ti ṣẹlẹ̀ o, ní North Carolina níbí. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Raleigh bíi tiwa, ìrìn wákàtí mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó wa mọ́tò títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ ó gun afárá, ẹ ó wá bá ara yín lórí erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òkun lósì, ọ̀sà lọ́tùn-ún, ọ̀nà ọlọ́dà kan ṣoṣo láàárín. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni etíkun yẹn, ọdún 1937 ni wọ́n ti ṣòfin ẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú àwọn etíkun tí wọ́n ń pè ní national seashore ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tó gbé ẹ̀gbọ́n débẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́ pé èèyàn lè wa jíìpù lọ sí etí omi gan-an, kó ṣí bóòtù, kó gbé kúlà sílẹ̀, kó ju ìwọ̀ sómi. Òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹ máa gba pámíìtì, dọ́là 50 fún ọjọ́ mẹ́wàá, 120 fún ọdún kan. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ṣọ́bìrì, jáàkì, pátákó tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ jáàkì, àti gééjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ taya. Gbogbo ẹ̀ la ní. Gééjì ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á.

Cape Point la fẹ́ dé, ṣóńṣó ilẹ̀ tó wọ inú òkun lọ́wọ́ Buxton, ibẹ̀ ni ìṣàn omi gbígbóná àti tútù ti ń pàdé tí àwọn tó ń dẹ ìwọ̀ fi ń tìtorí ẹja red drum wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. A ò dé ibẹ̀. A kàn rí okùn tí wọ́n ta dábùú ọ̀nà, pẹ̀lú sáìnbọ́ọ̀dù pé ẹyẹ wà níwájú, mọ́tò ò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n bínú, wọ́n yí mọ́tò síbi yanrìn tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ rí, bá a ṣe há nìyẹn.

Bàbá òyìnbó kan ló yọ wá. Wọn ò tiẹ̀ wo ṣọ́bìrì wa, wọ́n kàn lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ taya, wọ́n tẹ fáàfù, fííì, taya kan tán ó di ìkejì, títí tí gééjì fi já sí 20. Wọ́n ní taya tó le máa ń gbẹ́ yanrìn ni, èyí tó bá rọ̀ á tẹ́ sórí ẹ̀ bí ẹsẹ̀ ràkúnmí. Mo wo ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n wo òkun.

Nígbà tá a ń retí kí afẹ́fẹ́ jáde tán ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu wọn, ó sì pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, àfi bàbá tó bí mi lọ́mọ. Wọ́n ní nígbà tí bàbá tiwọn ń wa mọ́tò níbẹ̀, kò sí ọ̀nà ọlọ́dà, etí omi gangan ni títì, tí omi bá fà sẹ́yìn ẹ gba ibẹ̀, tó bá kún ẹ dúró. Afárá Oregon Inlet kò sí títí di 1963, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò kọjá. Nítorí náà tí ẹnì kan bá dé láti ìlú ńlá lónìí tó ní mọ́tò ò yẹ ní etíkun, lójú tiwọn, bí ìgbà tí àlejò bá wá fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn àgbàlá yín ni. Lẹ́yìn mọ́tò wọn ni sítíkà kan wà tó ní adùn piping plover, ìyẹn ẹyẹ kékeré etíkun kan, dà bí adùn adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n mi rọra fi Yorùbá bi mí pé ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni. Mo ní rárá, ìjà ni.

Ìjà lórí mọ́tò àti ẹyẹ etíkun yìí sì ti pẹ́. Ọdún 1972 ni Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, buwọ́ lu àṣẹ pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn sọ ibi tí irú mọ́tò báyìí lè gbà àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ gbà. Ní 1977 Ààrẹ Carter fi kún un pé níbi tí mọ́tò bá ti ń ba ilẹ̀ àti ẹranko jẹ́, kí wọ́n tì í lójú ẹsẹ̀. Ní Hatteras ńkọ́? Wọ́n ò ṣe òfin kankan tó dúró. Ọdún ń gorí ọdún, jíìpù ń pọ̀ sí i, títí di 2007 tí Defenders of Wildlife àti National Audubon Society, àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹranko àti ẹyẹ, fi gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ní April 2008 wọ́n fẹnu kò síwájú adájọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibì kan lẹ́yìn òmíràn, òfin gidi wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní February 2012. Nínú máìlì etíkun bíi 67, mọ́tò lè gba 28 yípo ọdún, ó lè gba 13 ní àwọn àsìkò kan, kò gbọ́dọ̀ dé 26 rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ May di àárín September, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kálukú kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ.

Mo ti kọ́kọ́ rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí, nítorí piping plover ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ìgbà tí mo kà nípa ẹ̀ ni ojú tì mí. Orí yanrìn gbalasa ló ń yé ẹyin sí, kò ní ìtẹ́ lórí igi. Ọmọ ẹ̀ tó bá pa lónìí, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sí etí omi láti wá oúnjẹ, kò sì tíì lè fò. Tí ẹ̀rù bá bà á, kì í sá, ńṣe ló máa lúgọ tó máa dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀ ẹ̀ sì dà bí yanrìn. Ojú ipa taya ló tiẹ̀ fẹ́ràn láti lúgọ sí. Ta ló máa rí i látorí jíìpù? Ìjàpá òkun náà, òru ló ń jáde wá yé ẹyin, iná mọ́tò á dá a padà sómi láì yé e, àwọn ọmọ ẹ̀ tó bá hù jáde lẹ́yìn bí oṣù méjì á já sínú ipa taya, á máa bá kòtò yẹn rìn bí ẹni gba gọ́tà dípò kó lọ sínú òkun, akàn á sì ti dé.

Nítorí náà mi ò sí lẹ́yìn sítíkà bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, wọ́n ní kí mọ́tò jìnnà tó mítà 1,000 sí ọmọ plover tí kò tíì lè fò. Lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti Cape Point, ìdílé ẹyẹ kan ṣoṣo ti di gbogbo ọ̀nà nìyẹn, ní ìgbà tí àlejò pọ̀ jù, tí àwọn tó ń ta ìdẹ àti àwọn tó ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré ní Avon àti Buxton ń retí owó ọdún. Ìgbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dá sí i ní 2014 ni wọ́n tó dín in kù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 2019, ìtẹ́ ìjàpá òkun tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 400, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, àwọn tó fẹ́ràn òfin ń fò sókè, àwọn tí ò fẹ́ ẹ ní ṣebí ó pọ̀ ní Georgia náà lọ́dún yẹn, níbi tí òfin Hatteras ò dé. Òótọ́ ni méjèèjì.

Èmi o, ibi tí mo ti rí ẹ̀bi ni ogójì ọdún tí ìjọba fi sùn. Ó jọ ohun tá a mọ̀ nílé: obìnrin kan ń tajà lábẹ́ wáyà iná, àwọn kan ń wá gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, ó fi owó ibẹ̀ rán ọmọ níléèwé, ọjọ́ Sátidé kan kátápílà dé, wọ́n ní òfin ò gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ò gbà á lóòótọ́. Kí lẹ ń gba tíkẹ́ẹ̀tì fún? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Nixon fọwọ́ sí ìwé ti di baba ọlọ́mọ kí òfin tó dé Hatteras, ó ti kọ́ ọmọ tiẹ̀ ní wíwa mọ́tò létí omi, ẹ ẹ̀ wá lè sọ fún un pé àǹfààní lásán ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Mo gbìyànjú ẹ̀ ṣáá. Mo ní "Sà, mọ́tò ni wọ́n lé, wọn ò lé èèyàn, ibi tí mọ́tò ò lè dé yẹn, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀." Bàbá kàn na ṣòkòtò péńpé wọn sókè, wọ́n fi ojú àpá iṣẹ́ abẹ hàn mí ní orúnkún méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n ní "Orúnkún tèmi náà o," kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Wọ́n fi okùn fà wá jáde, wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní ká padà wá ní October, ìgbà yẹn ni red drum ń wá sí etílé, àwọn ọmọ ẹyẹ á sì ti fò lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, ẹ̀gbọ́n ń ṣàlàyé fáwọn ọkùnrin pé ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan tàn yín o, 20 ni taya gbọ́dọ̀ wà lórí yanrìn, àwọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.