Bí A Ṣe Ń Gba Àyè Lọ́wọ́ Òbí Láti Lọ Síbi Ìdíje Géèmù

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwa ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í tètè mọ̀ ni pé nígbà tí òbí bá sọ pé a kò ní lọ sí Èkó fún ìdíje, kì í ṣe géèmù gan-an ni wọ́n ń bá jà. Ọ̀nà ni wọ́n ń bẹ̀rù, àti ilé tí a máa sùn sí, àti àwọn ọmọ tí òbí wa kò mọ ẹni tó bí wọn tí a máa wà láàárín wọn. Ìbẹ̀rù mìíràn tún wà tí wọn kì í fẹ́ fẹnu kàn: ọmọkùnrin tí kì í sùn lóru, tó gbé kọ̀ǹpútà sápò, tó wá ń sọ pé àwọn kan tí òun mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí òun máa bọ̀ ní Èkó níbi tí owó wà, ọmọ Yahoo ló jọ lójú ìyá rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé owó ẹ̀bùn ni ọ̀rọ̀ tó burú jù lọ tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtàn Bugha dùn ún sọ, ọmọ ọdún 16 ará Amẹ́ríkà tó gba mílíọ̀nù 3 dọ́là níbi ìdíje àgbáyé géèmù Fortnite ní New York lọ́dún 2019. Ẹ sọ ọ́ fún bàbá tó ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà láti ìgbà èwe rẹ̀, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ṣọ́ọ̀bù géèmù àti ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, débi pé ìyá tó ń kọjá lọ sí ọjà lè má mọ inú èyí tí ọmọ òun ti jáde. Bí a bá tún wá fi dọ́là kún un, a ti bá ìfura ṣiṣẹ́.

Ìtàn tó máa ń wọ àwọn àgbà létí ni ti Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà tó gba ife-ẹ̀yẹ Scrabble àgbáyé ní ìlú Perth ní Ọsirélíà ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, tí Ààrẹ Buhari fúnra rẹ̀ sì pè lórí fóònù láti kí i. Kò sí òbí tó ń bẹ̀rù Scrabble, nítorí pé ìwé ló jọ. Ẹni tó bá ti gbà pé eré orí tábìlì lè gbé ọmọ Nàìjíríà dé Ọsirélíà ti jókòó láti gbọ́ ti wa.

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání jù tí wọ́n máa ń bi wá ni pé, bí géèmù bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tí a kò lè jókòó sílé gbá a? Ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa. Bí a bá wà nílé, ohun tí a tẹ̀ lórí pad tí a fi ń darí géèmù gbọ́dọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń bá figagbága, bóyá ní Kàírò tàbí ní Jámánì; nínú géèmù ìjà bíi Tekken, níbi tí ohun gbogbo ti ń ṣẹlẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́, ìdádúró díẹ̀ ti tó láti mú kí ọ̀jáfáfá fìdí rẹmi. Bí iná bá sì lọ, ó parí nìyẹn. Nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo olùdíje ń lò, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó. Kí Arslan Ash, ọ̀jáfáfá nínú Tekken, tó jáde kúrò ní Lahore ní Pakísítánì, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ Tekken ní Jàpáánì àti Kòríà kò ka ìlú rẹ̀ sí. Ó borí níbi Evo, ìdíje ńlá fún géèmù ìjà, ní Fukuoka ní Jàpáánì ní oṣù kejì ọdún 2019, ó tún borí ní Las Vegas ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, nígbà náà ni ayé wá mọ̀ pé àwọn tó ń bá a gbá a nílé kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ máa ń dúró lé. Títì Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn tírélà orí rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀, nítorí kò sí àdúgbò tí kò mọ ẹni tó ti fara gbá nínú ìjàǹbá níbẹ̀. Ẹ má sọ fún wọn pé kò séwu. Ẹ sọ fún wọn pé àárọ̀ lẹ máa gbéra, pé ẹ kò ní rin òru, àti pé Mọníyà ní Ìbàdàn lẹ máa sọ̀ sí. Ọkọ̀ Ìbàdàn tó gba Ọ̀yọ́ àti Fìdítì kò lè ṣe kó má kọjá níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021 ti ń gbé èrò lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní Èkó, tí ẹ ó fi bọ́ lọ́wọ́ títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó pátápátá. Kì í lọ ní gbogbo wákàtí, nítorí náà ẹ ti mọ àkókò rẹ̀ kí bàbá yín tó béèrè.

Ní ti ọjọ́ ìpadàbọ̀, nínú ìdíje bíi Evo, ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì ló ń kúrò, kò sì sí ẹni tó lè mọ wákàtí tí yóò jẹ́. Ọjọ́ tó pẹ́ jù lọ ni kí ẹ dá fún wọn. Kí ẹ tètè dé yà wọ́n lẹ́nu sàn ju kí ìyá yín máa pe fóònù tó ti kú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi dé, bàbá wa ní, "Kí ni màmá rẹ sọ?" Màmá náà ní, "Ohun tí bàbá rẹ bá sọ ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e fún ara wọn títí àbúrò mi fi dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Àgbàlagbà náà kò mọ ohunkóhun nípa géèmù. Ohun tó béèrè kò ju ẹni tí ọmọ náà máa dé sí lọ, a sì pe àǹtí wa tó ń gbé ní Yábàá lójú ẹsẹ̀, tí òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún màmá pé òun yóò wá pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà ṣiṣẹ́ ju gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe lọ.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa ń dúró tì òbí gbágbágbá: bí ọjọ́ ìdíje bá bọ́ sí àárín ìdánwò. Ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tó fẹ́ sá fi ìdánwò sílẹ̀ nítorí Tekken, kó má wá bẹ̀ mí láti bá a sọ̀rọ̀.