Standard, Deluxe àbí Premium Deluxe: Ẹ Bèèrè Dátà Kí Ẹ Tó Bèèrè Bàálù

Owó àjọ ìyá mi ló bá Microsoft Flight Simulator lọ, géèmù tí wọ́n fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà tó wọ́n jù nínú ti ọdún 2020, èyí tí wọ́n ń pè ní Premium Deluxe. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Mo ń kọ ọ́ nísinsìnyí kí ó tó tutù nínú mi, nítorí ẹni tó wà ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, tàbí níhìn-ín ní Ìlọrin, tó ń fi fóònù fa íntánẹ́ẹ̀tì sínú láptọ́ọ̀pù bíi tèmi, tó sì ń tọ́jú owó láti ra nǹkan yìí.

Mo mọ̀ pé a pọ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìlọrin, tó ń gbójú sókè wo àwọn bàálù Diamond kéékèèké ti International Aviation College tó wà ní pápákọ̀ wa, tàbí tó ń dúró wo bàálù ńlá tó ń kó àwọn alálàájì lọ sí Mẹ́kà, kò ní í ṣàì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa, géèmù yìí ló kù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré ọmọdé ni mo ń fi owó ìyá mi ṣe. Mo ń fi í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwọn aago iwájú awakọ̀, bí wọ́n ṣe ń dín ìyára kù kí wọ́n tó balẹ̀, àti bí atẹ́gùn ṣe ń ti bàálù kúrò lójú ọ̀nà. Ìyá mi mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé owó náà sílẹ̀ nígbà tí àjọ kàn wọ́n.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Nígbà náà, Standard jẹ́ dọ́là 59.99, bàálù 20 àti pápákọ̀ 30 tí wọ́n dìídì fọwọ́ ṣe ló wà nínú rẹ̀. Deluxe jẹ́ 89.99, bàálù 25, pápákọ̀ 35. Premium Deluxe jẹ́ 119.99, bàálù 30, pápákọ̀ 40. Ẹni tó tà á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ má ra Standard, ti àwọn tó kàn fẹ́ dán an wò ni. Premium ni ẹ ti máa rí gbogbo ayé." Irọ́ ni. Gbogbo ayé ló wà nínú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pápákọ̀ Ìlọrin, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ DNIL, wà nínú Standard bó ṣe wà nínú Premium, kò fi nǹkan kan yàtọ̀. Ohun tí Premium fi kún un ni Boeing 787-10, Citation Longitude àti bàálù mélòó kan, pẹ̀lú àwọn pápákọ̀ Heathrow, Dubai, Frankfurt, Denver àti San Francisco tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Cairo àti Cape Town ti wà nínú Deluxe. Kò sí pápákọ̀ Nàìjíríà kankan nínú èyí tí wọ́n dìídì fọwọ́ ṣe nígbà tí géèmù náà jáde, yálà ẹ san 59.99 tàbí ẹ san 119.99.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n ti bèèrè kí n tó sanwó, mo bèèrè. Mo bi í pé báwo ni dátà rẹ̀ ṣe rí. Ó ní tí n bá ti dáńlóòdù rẹ̀ tán, dátà díẹ̀ ló ń jẹ. Èmi àti òun la jọ dúró síwájú káńtà nígbà tó sọ ọ́. Ó ń ta géèmù, mo sì gbà pé ó mọ ohun tó ń tà.

Bó ṣe rí gan-an nìyí. Àwòrán ilẹ̀ ayé tí géèmù yìí ń lò, láti inú Bing Maps, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Microsoft, ni, ó sì lé ní petabyte 2. Petabyte kan jẹ́ mílíọ̀nù GB kan, kò sí láptọ́ọ̀pù tó lè gbà á. Orí ẹ̀rọ Microsoft ni ilẹ̀ náà wà, bí ẹ bá ṣe ń fò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹ dáńlóòdù kò ju bàálù, àwọn pápákọ̀ àti ìpìlẹ̀ géèmù lọ. Síbẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó kí wọ́n ní kí ẹ fi àyè 150GB sílẹ̀. Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 5 Mbps ló kéré jù, 20 Mbps ló dára, 50 Mbps ló sì pé. Ẹ wo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń rí ní Tanke ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá wà lórí fóònù.

N kò ní í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ dáńlóòdù. Dátà òru ni mo lò, iná ń lọ ó ń dé, mo sì gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbi tí wọ́n ti ń tan jẹnẹrátọ̀ di ìdájí. Ẹ̀yin náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo parí rẹ̀ ló dùn mí jù. Mo pe ìyá mi pé, "Màámi, ẹ wá wo Ìlọrin láti òkè." Aṣọ òkè ni wọ́n ń hun, wọ́n ṣì wà nídìí òfì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọn òwú kúrò lára, wọ́n gbé àpótí wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé Cessna 172 sójú ọ̀nà DNIL, mo kọjú rẹ̀ sí ìhà ìgboro, mo ti ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára síwájú, bàálù sáré, ó gbéra. Ó dára níbẹ̀rẹ̀. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà hàn, ọ̀nà ọ̀dà hàn, a rí ibi tí odò Àsà gbà kọjá. Ìyá mi na ìka sójú láptọ́ọ̀pù, ìka wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Wọ́n ní, "Àlàó, ṣé ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ ra òwú kọ́ nìyí?" Mo ní òun ni. Mo tẹ bàálù sí ọ̀tún kí a lè gba òkè Ọjà Ọba, kí wọ́n rí òrùlé ribiti mọ́ṣáláṣí ńlá.

Àkọlé kan já lójú láptọ́ọ̀pù pé íntánẹ́ẹ̀tì kò tó mọ́, pé wọ́n ti pa àwòrán orí ìkànnì. Dátà ti tán. Ilẹ̀ tó wà níwájú wa sì yí padà sí àwọ̀ ewé kan tó kàn tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Ilé tó ń yọ kì í ṣe ilé wa, ilé tí kọ̀ǹpútà ń dá kọ́ fúnra rẹ̀ ni, òrùlé wọn mọ́, wọ́n rí bákan náà, kò sí ọ̀kan tó jọ ti Ìlọrin. Mo rò pé yóò padà bọ̀ sípò, mo yí bàálù po lójú kan náà, mo ń yí i, mo ń yí i.

Ìyá mi ní, "Ibo wá ni Ọjà Ọba?"

Mo ní, "Ìsàlẹ̀ wa níbí ni, Màámi."

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "N kò rí mọ́ṣáláṣí o." Wọ́n tún wò ó. "Ṣé òwú ẹ̀ ló tán ni?"

N kò lè dá wọn lóhùn. Òwú rẹ̀ ló tán lóòótọ́. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní àwọn ń lọ kírun Iṣáì, wọ́n gbé àpótí wọn dìde. Wọn kò bínú rárá, wọn kò sì dárúkọ owó. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bàálù tó ń fò lórí pápá tí kò lórúkọ, títí bátìrì láptọ́ọ̀pù fi kú.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó tà á fún mi ní kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí géèmù kò ṣeé dá padà bí wọ́n bá ti lò ó, ó sì tún sọ pé èmi ni n kò ní dátà tó. Ẹni tó sọ fún mi pé dátà díẹ̀ ló ń jẹ! Mo béèrè bóyá ó lè gba Premium kí ó fún mi ní Standard, kí ó dá owó tó bá ṣẹ́kù padà fún mi. Ó kọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú, ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ dátà ni. Ẹ ṣírò iye tí ẹ lè ná lórí dátà lóṣooṣù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó ka iye bàálù. Bí ẹ kò bá ní wáìfáì tó dúró ṣinṣin nílé, Standard, Deluxe àti Premium Deluxe yóò fi àwọ̀ ewé kan náà hàn yín.

Ẹ̀kọ́ kejì sún mọ́ ti àkọ́kọ́: bí ẹ bá ní dátà, Standard náà ni kí ẹ rà. Àwọn bàálù Diamond wà nínú Standard, DA40 NG àti DA62. Cessna 172 wà níbẹ̀, A320neo wà níbẹ̀, Boeing 747-8 náà wà níbẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá san ìlọ́po méjì kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò. Bí ọkàn yín bá sì fẹ́ 787 lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè san owó tó kù láti gun orí ẹ̀dà tó ga, àmọ́ ẹ kò lè gba owó Premium padà kí ẹ fi ra dátà. Cessna 172 tó ní aago alábẹ́rẹ́ àtijọ́ nìkan ni mo lè sọ pé ó tó ìdí láti ra Deluxe, nítorí ó dára fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, dátà lẹ kọ́kọ́ nílò.

Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ rà á lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Wọ́n ń dá owó padà tí ẹ kò bá tí ì lò ju wákàtí 2 lọ, láàárín ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n inú géèmù gan-an ni ti ọdún 2020 ti ń dáńlóòdù èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀, aago Steam a sì máa ka àkókò yẹn bíi pé ẹ ti ń ṣeré. Pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, wákàtí 2 yóò ti kọjá kí ẹ tó fojú kan bàálù kankan. Bí ẹ bá rí i pé kò ní í ṣeé ṣe, ẹ tètè pa á, ẹ tètè béèrè owó yín.

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé kí n ra ti ọdún 2024, pé kò tóbi. Òótọ́ ni pé àyè 50GB ló ń béèrè, ṣùgbọ́n ìdí tí kò fi tóbi ni pé wọ́n ti kó ẹrù púpọ̀ sí i lọ sórí ẹ̀rọ tiwọn. Íntánẹ́ẹ̀tì 10 Mbps ló kéré jù fún un, 50 ló dára. Ní ọjọ́ tó jáde, 19 oṣù kọkànlá ọdún 2024, èrò pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ Microsoft débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí géèmù wọlé, títí kan àwọn tó wà nílẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá. Ẹ̀dà mẹ́rin ni wọ́n pín ìyẹn sí, láti 69.99 dé 199.99 dọ́là. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ní í béèrè dátà.

Ní tèmi, ọ̀rẹ́ mi kan ní Tanke kó FlightGear, géèmù bàálù mìíràn, sórí fúláàṣì fún mi. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára, mo sì ń fò nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán rẹ̀ kò dára tó, ṣùgbọ́n aago inú bàálù ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá lówó lè wo X-Plane 12, èyí tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Inú kọ̀ǹpútà yín ni ilẹ̀ tirẹ̀ ń gbé, wọ́n sì ní èyí tí ẹ lè kọ́kọ́ dán wò lọ́fẹ̀ẹ́. Premium mi náà kò ṣòfò tán: ẹ̀gbọ́n mi gbà kí n lo wáìfáì ibi iṣẹ́ wọn, mo sì fi fa Ìlọrin àti àyíká rẹ̀ sílẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wà nínú Options, lábẹ́ Data, manual cache ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ya àgbègbè tí ẹ fẹ́ lórí máàpù, ẹ jẹ́ kí ó kéré, ẹ sì dáńlóòdù rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà níbi tí wáìfáì ti dára. Ojú kan náà ni ẹ ti lè fi òdiwọ̀n sí iye dátà tí géèmù lè jẹ. Ẹ fi òdiwọ̀n yẹn sí i kí ẹ tó gbéra, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.